Ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí n fá

Mo ti ilẹ̀kùn pa, mo ń jẹun lọ́sàn-án òní, ni Ìyá Ràfíù aládùúgbò mi bá kígbe láti ìta: “Ẹ kú oúnjẹ o! Iṣu yẹn mà funfun!”

Àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló gbà rí mi!

Nígbà òjò, ilẹ̀kùn yìí wú, kò ṣeé tì. Mo béèrè nínú ẹgbẹ́ wa lórí Wasapu, àwa tí a ń gbẹ́ pákó fúnra wa nílé. Ẹ̀gbọ́n Kòfí ará Agbonou fi ohùn ránṣẹ́: “Fi ìfági fá a dáadáa!”

Mo fá a. Ọyẹ́ dé, pákó gbẹ, ó súnkì.

Mo fi fọ́tò hàn wọ́n lónìí. Ẹ̀gbọ́n Kòfí ló kọ́kọ́ dáhùn: “Òpè wo ló ń fá ilẹ̀kùn nígbà òjò?”

Mo dá ohùn tó fi ránṣẹ́ nígbà òjò padà sí i.

Ó ní: “Ìgbà yẹn, òjò ń rọ̀ ni.”

Ẹ gbọ́ mi ná! Kí ni kí n ṣe sí ilẹ̀kùn yìí? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ rántí pé òjò á tún rọ̀ o!