Orúkọ Mi Lábẹ́ Àwòrán Kábíyèsí

Mo kàwé gboyè nínú físíìsì, èyí tó túmọ̀ sí pé nígbà tí mo padà sí Adó-Èkìtì lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, kò sí iṣẹ́ kan pàtó tí mo lè ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ẹni tó ní kóòtù ti di alámòójútó nǹkan kan, ẹni tí kò ní kóòtù sì ń wá ẹni tí yóò yá a. Ìbàdàn ni mo ti sin ìlú, ibẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ní kọ̀ǹpútà tó sì ní sùúrù ti kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe ojú-ìwé tí gbogbo ayé lè rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo padà wálé pẹ̀lú káàdì tí mo tẹ̀ fúnra mi. Mo pe ara mi ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù. Káàdì náà dára gan-an. Iṣẹ́ tó sọ pé mò ń ṣe ni kò sí.

Àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó ni à ń gbé. Ìyá mi, nọ́ọ̀sì tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì, sọ fún àwọn ìyá ìjọ Kátólíìkì pé mò ń ṣe kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbà pé mò ń rọ ọ́ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ ọkọ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìgbà tí n óò bá ọmọ òun rọ tiẹ̀. Ní òdodo, inú ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni mo ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Mo mọ òkú Èkìtì nígbà náà ju bí mo ṣe mọ alààyè lọ. Kò sí ahun kankan láàárín wọn, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òpó nínú ìjọ.

Mo ti lọ sí Èkó rí láti wá iṣẹ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí, ó wo káàdì mi, ó sì fi í lé orí tábìlì bí ẹni gbé ife tíì kalẹ̀.

"Ẹnu lásán nìyí," ó ní. "Mú iṣẹ́ kan wá fún mi, kí orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀. Ẹyọ kan. Àga kan ṣófo níbí, àmọ́ kò ní pẹ́ tí a óò fi rí ẹni jókòó sí i."

Ohun tí mò ń wá kiri Adó nìyẹn: ẹnikẹ́ni tí yóò jẹ́ kí n ṣe ojú-ìwé fún òun, kí n sì kọ orúkọ mi sí i.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bàbá mi ló ránṣẹ́ pè mí. Alága ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì. Dókítà ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó kà tó fi dé ibẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ìlú tó múlé gbè wá fẹ́ wọ íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ ni wọ́n ní o lè gbé wa síta fún aráyé?"

"Èmi ni, sà."

"Kí lo máa gbà?"

Mo ní n kò gba nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré.

"Ọmọ wa ni ẹ́ lóòótọ́," ó ní, ojú rẹ̀ sì walẹ̀.

Ìtàn ìlú kò fa wàhálà. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́ pé àwa la kọ́kọ́ dé. Fọ́tò ló fa ìpàdé lórí ìpàdé, nítorí a gbọ́dọ̀ tò ó bí oyè ṣe tẹ̀lé oyè. Nígbà tí a fohùn ṣọ̀kan, wọ́n gbé fọ́tò Kábíyèsí jáde, ó tóbi tó àwo ńlá, ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ adé wọn ṣeé kà. Mo ṣàlàyé pé ojú okùn tẹlifóònù ni fọ́tò yóò gbà kọjá. Ó dà bí páìpù omi tó tín-ínrín. Ohun tó bá tóbi yóò pẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí n dín in kù.

Olóyè àgbà tó kọ́wọ̀ọ́ rìn pẹ̀lú Ọba ti ń tòògbé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ó la ojú.

"Kí ni ọmọ yìí ní kí á ṣe fún Kábíyèsí?"

"Ó ní ká dín wọn kù ni, Bàbá." Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló dá a lóhùn, ọkùnrin kúkurú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, tó máa ń dé ìpàdé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

"Kì í ṣe Kábíyèsí fúnra wọn, sà," mo ní. "Fọ́tò ni."

"Ta ló wà nínú fọ́tò?"

Alága ló parí ẹjọ́: "A kì í dín Ọba kù. Àwa yòókù ni kó o dín kù."

Mo dín wọn kù gẹ́gẹ́ bí oyè wọn ṣe rí. Nígbà tó fi máa kan akọ̀wé, tó mú fọ́tò pélébé inú káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá, kò tóbi ju èékánná lọ.

Lọ́jọ́ tí a óò ṣí i, a kóra jọ sí ọ́fíìsì kan ní Adébáyọ̀ tí tẹlifóònù rẹ̀ lè mú Èkó. Agbádá ńláńlá ni wọ́n wọ̀ wá wo gíláàsì kọ̀ǹpútà kékeré kan. Kábíyèsí kò wá. Olóyè àgbà ló ṣojú wọn. Mo pe nọ́ńbà Èkó tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ han gooro, alága sì fi ọ̀rọ̀ dí àyè náà títí orúkọ ìlú wa fi jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Fọ́tò tó kọ́kọ́ yọ ni ti akọ̀wé, ó ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn olóyè kékeré tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn àgbà. Lókè pátápátá, níbi tó yẹ kí Ọba wà, àyè ńlá kan ni a rí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bí àyè Ọba bá ṣófo, ohun tó jẹ́ kò ṣeé fi ẹnu sọ, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní í jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Olóyè àgbà ṣí fìlà.

"Kábíyèsí dà?"

"Wọ́n ń bọ̀, sà."

"Láti ibo?"

"Láti Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni a kó fọ́tò pamọ́ sí."

"Ààfin ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí. Iyán ni wọ́n ń jẹ."

"Wọ́n tóbi ni, sà. Ẹni tó bá tóbi níbí ló máa ń pẹ́."

Alága yíjú sí akọ̀wé. "Ìwọ ti dé, àbí? O ti jókòó."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kọ́ ni mo gbé ara mi síbẹ̀."

"O tún ń rẹ́rìn-ín."

Nígbà náà ni adé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti òkè, ìlà ìlẹ̀kẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Ó kù díẹ̀ kó kan iwájú orí, tẹlifóònù já. Adé wà níbẹ̀, kò sí orí lábẹ́ rẹ̀.

"Pa á," olóyè àgbà ní. Ó dìde, kò sì kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n jókòó sọ ọ́ ní ààfin, alága wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò ní yọ ìlú kúrò, nítorí aládùúgbò ti gbọ́. Àmọ́ kí n yọ gbogbo fọ́tò yòókù, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣáájú Ọba dé mọ́. Kí n sì yọ orúkọ mi.

"Orúkọ mi ni a jọ ṣàdéhùn, sà."

"Ṣé abẹ́ ẹsẹ̀ Ọba ni o máa sùn sí?"

"Kí n gbé e sókè ńkọ́?"

"Sórí Ọba?"

"Ẹ̀gbẹ́, sà."

"Olorì ló ń jókòó níbẹ̀." Ó fọwọ́ bà mí léjìká. "Gbogbo ìlú mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é."

"Èkó kò mọ̀, sà."

"Èkó á gbọ́."

Mo yọ ọ́. Ilé bàbá mi wà ní ìlú náà, ìyá mi sì fẹ́ kí n ní ibi tí n óò máa padà sí. Mo wọ mọ́tò lọ sí Èkó láti fi ẹnu ṣe ohun tí wọn kò jẹ́ kí orúkọ mi ṣe. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra: oyè, ààfin, ìdí tí kò fi sí orúkọ.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù náà ṣí ojú-ìwé wa. Tẹlifóònù tiwọn yá, àmọ́ Kábíyèsí kò yára. Ó mu tíì rẹ̀ tán. Nígbà tí Ọba jáde níkẹyìn, gbogbo gíláàsì kò gbà ju adé lọ. Ó ní láti máa fà á wálẹ̀ kó tó kan ojú, kó tún fà á kó tó kan àyà. Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti inú yàrá kejì kí wọ́n wá wò ó.

"Ẹ rí i," ó ní fún wọn, "bí ẹ bá fẹ́ dá ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí mọ̀, ẹ wo bí fọ́tò rẹ̀ ṣe tóbi tó." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo ṣe é?"

Mo wo ìsàlẹ̀ ojú-ìwé náà dáadáa. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Rárá, sà," mo ní. "Ará ìlú wa kan ni."

"Tìẹ dà?"

Mo ní mo ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. Ó ní kò burú, ó sì dá káàdì mi padà fún mi.