Ọmọ Mi àti Ọmọ Ewúrẹ́ Ìyá Onílé

Ọmọ mi pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kò rìn. Kò tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ó kàn máa ń jókòó bí alága ìpàdé.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, orí rẹ̀ ni. Bóyá ọpọlọ ọmọ yìí ni kò pé? Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì nílé ìwé girama ní Ìgándò! Àìmọye ìgbà ni mo ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé orí ènìyàn tóbi, torí náà wọ́n ń bí wa láìtíì jinná. Ẹ̀yìn ìyá ni ọpọlọ wa ti ń jinná, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ ká gbọ́n ju ẹranko lọ. Àṣé ẹnu lásán ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ewúrẹ́ ìyá onílé wa bímọ láàárọ̀ Sátidé kan. Kí n tó fọ aṣọ tán, ọmọ ewúrẹ́ ti ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kiri. Mo bú sẹ́kún sínú omi ọṣẹ. Nígbà tó fi pé oṣù kan, ó ti ń gun fẹ́ǹsì, ọmọ tèmi ṣì jókòó.

"Tíṣà, ẹyin ló ń di àkùkọ jàre," ni ìyá onílé wí. "Gbé e wá, ká ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ yanrìn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́."

Ìranù ni lójú mi, àmọ́ ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà? Ó gbìn ín dé ìbàdí sínú yanrìn iwájú ilé, ó fún un ní búrẹ́dì àti abọ́ ike. Kò pẹ́ tí ọmọ ewúrẹ́ fi já búrẹ́dì náà gbà. Ọmọ mi figbe ta. Mo fẹ́ dìde, ìyá onílé di ìró mi mú.

"Jókòó ṣá! Fún un ní òmíràn, ká wò ó."

Mo fún un. Ọmọ ewúrẹ́ tún ń bọ̀. Ọmọ mi wò ó, ó wo búrẹ́dì. Ló bá gbé e sílẹ̀, ó da abọ́ dé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ abọ́ náà mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ fi imú tì í, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ mi rí i pé ó ti lọ dáadáa kó tó ṣí abọ́.

"Háà! Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti lọ o," ìyá onílé pariwo, "ẹni tí kò rìn ló ń jẹun!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo fà á yọ, mo gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, mà. Á rìn tó bá yá."

Ọmọ mi fi búrẹ́dì tó kù sí mi lẹ́nu. Yanrìn ló kún ara búrẹ́dì ọ̀hún. Mo jẹ ẹ́ tán.