Fèyí kọ́ mi ní okùn fífò

Ẹ gbà mí o, ọmọ tí mo bí ti di tíṣà mi lónìí!

Bí mo ṣe ti bánkì dé, tí ẹsẹ̀ ń ro mí gan-an, ni Fèyí na okùn sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ péré ni. Tíṣà eré ìdárayá wọn ló ní kí kálukú lọ kọ́ ẹnì kan nílé bí wọ́n ṣe ń fo okùn, kí ara àwọn òbí náà lè máa le.

Mo ní, "Lọ kọ́ dádì ẹ."

Ó ní, "Daddy say him waist dey pain am."

Ìbàdí tó jó yíká ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi!

Mo bọ́ bàtà, a jáde sí àgbàlá. Mo ń fọ́nnu pé èmi ni ọ̀gá okùn fífò nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ádó-Èkìtì. Bí mo ṣe fò báyìí, okùn wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo fìdí sọlẹ̀ gbì!

Ìyá onílé wa tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n ró ìró wọn le, wọ́n ní, "My pikin, teach me too."

Fèyí kọ́ àwa méjèèjì. Màmá fò ó, gbogbo àgbàlá pàtẹ́wọ́. Èmi náà padà fò ó, inú mi sì dùn bíi tọmọdé.

Tíṣà mi wá dájọ́: "Mama pass. Mummy, you go repeat."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹjọ́ yìí tọ́? Ta ló sì ṣì lè fo okùn nínú yín? Ẹ má purọ́ o!