Ẹ̀rọ Onífáàfù Inú Agolo Bisikíìtì

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ràn orin. Mo fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ mi ju orin lọ, òun ló sì ń ki ọwọ́ ara ẹ̀ bọ iná nítorí orin.

Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe. Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ lójú, tí ilé tuntun ń hù káàkiri Ṣàngótẹ̀dó bí olú, ojoojúmọ́ ló ń ti ilé wa ní Ado, nítòsí ibẹ̀, lọ sí sáìtì, tó ń fa wáyà gba inú ògiri àwọn olówó. Èmi ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, pàápàá sùtánà, nítorí inú ìjọ aláṣọ funfun ni àwa méjèèjì wà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tan orin, á sì yí i sókè títí ògiri á fi máa dáhùn. Lándílọ́ọ̀dù ní kó yan ọ̀kan nínú méjì: kó gbé ariwo ẹ̀ kúrò tàbí kó gbé ẹrù ẹ̀ kúrò.

Ó bá ní hẹ́ẹ̀dìfóònù lòun á máa fi gbọ́, èyí tó ń bo etí méjèèjì pinpin. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lọ́jà láti fi gbé ohùn wọ inú ẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kò sí ohùn tó dùn tó ti àwọn rédíò àtijọ́ tó ń lo fáàfù, àwọn gíláàsì kékeré tó máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí iná bá wọ̀ wọ́n. Ó tú wọn lára rédíò tó ti kú, ó lu ihò sí agolo bisikíìtì, ó to fáàfù sí i lórí, ó sì so hẹ́ẹ̀dìfóònù mọ́ ọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn gíláàsì yẹn pọ́n, ó dáa lójú, n ò ní purọ́. Ó ní, "Ìyàwó mi, wá gbọ́."

Mo ní, "Ṣé iná inú ẹ̀ lè pa èèyàn?"

Ká ní ọkọ mi mọ irọ́ pa ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ó ní, "Á pa èèyàn dáadáa. Iná tí fáàfù ń jẹ le ju ti ara ògiri lọ. Bí a bá tiẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì, ohun kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń tọ́jú iná pamọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọbẹ̀ ti hó. Ẹ gbà mí o, kí ni mo fẹ́ fi agolo tó ń tọ́jú ikú pamọ́ ṣe nínú yàrá tí mo ń sùn?

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí iná gbé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi wà lára àwọn tó gbé òkú ẹ̀ wọ ọkọ̀, kò sì fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Mo rò pé yóò gbọ́ òwe. Ohun tó ṣe ni pé ó pè mí jókòó, ó ní, "Bí iná bá gbé èèyàn, má fọwọ́ kàn án, á gbé ìwọ náà. Igi gbígbẹ ni kí o wá, kí o fi gbá ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Má ṣàánú ẹ̀." Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó padà sídìí agolo ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mo ṣòfin fún un: kó yọ púlọ́ọ̀gì kó tó ṣí agolo, kó sì wọ sílípáàsì onírọ́bà. Ó máa ń pa òfin mọ́ bí iná bá wà. Wàhálà ibẹ̀ ni ìgbà tí kò bá sí. Èèyàn tí kò bá ríná fún ìgbà pípẹ́ á gbàgbé pé púlọ́ọ̀gì wà lára ògiri. Á ki irin sínú sítóòfù mi, á fi yọ́ òjé tó fi ń jó wáyà mọ́ra, á tẹ ọwọ́ méjèèjì bọ inú agolo, á máa súfèé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ṣebí kò síná."

Àwọn oníná kì í sì í kanlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá mú iná dé, gbogbo àgbàlá á ké "Ọ́ọ̀pù!", tọmọdé tàgbà, àní títí kan lándílọ́ọ̀dù. Inú gbogbo ayé ń dùn, àfi tèmi. Màá ju síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀, màá ní, "Ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Á ní, "Mo wà." Ìgbà yẹn ni mo tó ń mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òjò ti rọ̀, omi kún ojú ọ̀nà. Àwa kì í wọ bàtà sí sùtánà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán la fi rìn nínú omi láti ṣọ́ọ̀ṣì wálé. Kò síná. Mo ní kó bọ́ sùtánà, kó nu ẹsẹ̀, kó wọ sílípáàsì. Ó lọ jókòó ti agolo ẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wáyà kan tó fẹ́ jó. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ ro fùfú.

Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n ké "Ọ́ọ̀pù!"

Mo ní, "Ṣé ẹ wà ńbẹ̀?" Kò dáhùn. Mo tún bi í. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pe orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́, èyí tí n kì í pè. Mo sáré wọlé, omorogùn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó jókòó ti tábìlì, ẹsẹ̀ tútù lórí símẹ́ńtì, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lórí agolo. Ojú ẹ̀ pa dé. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, orí ẹ̀ ń mì. Mítà tí mo lè ti pa iná wà lẹ́nu géètì. Kí n tó débẹ̀, á ti di òkú. Mo gbé omorogùn sókè, mo fi gbogbo agbára mi gbá ọwọ́ yẹn. Mo gbọ́ ìgbà tí eegun dá.

Ó lọgun. Agolo ṣubú, hẹ́ẹ̀dìfóònù já bọ́ lórí ẹ̀, mo sì gbọ́ gìtá ṣín-ín-ṣín-ín nínú ẹ̀ kó tó dákẹ́. Ó ti jó wáyà ẹ̀ tán, ó ti dé agolo padà, ó ti gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí kí iná tó dé. Ijó lọkọ mi ń jó.

Gbogbo àgbàlá fi mí rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun, bí wọ́n ṣe ń fa ọwọ́ ẹ̀ tí òógùn ń bò ó, ọkọ mi wò mí, ó ní, "O gbá a dáadáa. Ká ní iná ni, ǹ bá yè."

Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀, kò lè lọ sáìtì. Wáyà kan ti já nínú agolo nígbà tó ṣubú, ọkọ mi á sì jókòó tì í láti àárọ̀ bí ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ní kó máa júwe, èmi á jó o.

Òun fúnra ẹ̀ ló yọ púlọ́ọ̀gì. Ó ní kí n fi tọ́náfíìsì onírọ́bà, èyí tó fi ń tú nọ́ọ̀tì, kan ibi tí iná ń pamọ́ sí, kó lè tú jáde. Mo kàn án, ó ta páù. Ó ní kí n tún kàn án. Kò ta mọ́. Mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Télọ̀ ni mí. Ohun tínrín kì í mú ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ní, "Ṣé pupa yìí ni?"

Kò dáhùn. Mo gbójú sókè.

Ó ti dìde. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, òógùn ń ṣàn níwájú orí ẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹ̀ di púlọ́ọ̀gì mú pinpin.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ dì í mú."

Ó ní, "Mo mọ̀. Dákun, yọ ọwọ́ ẹ."

Kò sí iná kankan níbẹ̀, àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi sílẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ sí i, kó lè mọ bó ṣe ń ṣe mí láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí omi bọ́ lójú ẹ̀, mo yọ ọ́.