Ṣé O Ti Gbọ́ Ọ?

Ẹ̀wà mi jó lánàá, nínú yàrá kan ṣoṣo tí mo gbà ní Àkúrẹ́. Òórùn rẹ̀ ti kún gbogbo ilé, síbẹ̀ mo dúró ti sítóòfù, mò ń retí kí ẹnì kan bi mí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Awoye létí òkun, ìyá mi a máa yan ẹja lẹ́yìn ilé pákó wa tó dúró lórí omi. Èmi, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, máa ń jókòó tì í. Bí iná bá ti mú díẹ̀, ìyá mi á ní, "Ṣé o ti gbọ́ ọ?" Òórùn ẹja tó bá fẹ́ jó ló ń béèrè lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ní mo ti gbọ́ ọ, á yí ẹja náà padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ mi wa ọkọ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́, ìyá mi ní mi ò gbọdọ̀ bá wọn lọ. Inú bí mi gan-an.

"Ṣé o ti gbọ́ ọ?"

"Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan."

Bẹ́ẹ̀ ẹja ti ń jó, òórùn rẹ̀ ti gba imú mi kan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń fẹ́ iná lọ.

Nígbà tó yí àwọn ẹja náà, abẹ́ wọn ti dúdú bí èédú. Kò nà mí. Ó kàn gbé ọ̀kan sí imú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé èéfín ti pa imú rẹ̀ kó tó bí mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ aládùúgbò wa ni ìyá mi pè síbi iná. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ òórùn ẹja náà ketekete, kò sì sẹ́ni tó bi mí.