Aṣọ Tí Adébùnmí Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Rán

Tíṣà ni Ọláwuyì, tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, Adébùnmí. Èmi àti Ọláwuyì, ìlú kan náà la ti wá, ní apá Ọ̀yọ́. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, Mùsùlùmí ni mí. Ilé kan náà la yá ní Bàjúláyé, ní Ṣómólú. Ìlẹ̀kùn wọn kọjú sí tèmi. Bíríkìlà ni mí. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni màá sọ, àti èyí tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún mi.

Ní ọdún 1951, àwọn oníṣòwò ará wa tó wà ní Góòlù Kóòsì, ibi tí a wá ń pè ní Gánà, ránṣẹ́ sí ìjọ wọn ní Ṣómólú. Wọ́n ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí ìlú kan lókè Tàmálè, wọn ò rí tíṣà. Tọkọtaya ni wọ́n fẹ́, kí ọkọ máa kọ́ àwọn ọmọ ńlá, kí ìyàwó máa kọ́ àwọn kékeré. Àlùfáà ní Ọlọ́run ló ń pe Ọláwuyì àti Adébùnmí. Èmi ò mọ ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n ṣáà lọ.

Ọmọ kan ni wọ́n ní nígbà náà, Rẹ̀mí, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Tabitha ní kí wọ́n má gbé e lọ. Tabitha yìí ni ẹ̀gbọ́n Ọláwuyì. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ó fẹ́ Lazarus, apẹja ará Ìlàjẹ, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé. Wọn ò bímọ.

"Oòrùn ibẹ̀ kò ṣeé fi ọmọ sí," Tabitha wí. "Wọ́n ní àìsàn ọrùn líle ń pa ọmọ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ìgbà tí ẹ bá dé, ẹ ó bá a."

Adébùnmí wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ọdún kan péré ni, ẹ̀gbọ́n mi," Ọláwuyì wí.

Ọdún kan náà di méje.

Koríko ni wọ́n fi bo ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀, ògiri rẹ̀ kò ga ju àyà ènìyàn lọ. Irin ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni wọ́n so mọ́ igi, òun ni wọ́n ń lù bí agogo. Bí ọyẹ́ bá dé, Ọláwuyì á kọ̀wé sára pátákó, eruku á sì bò ó kí àwọn ọmọ tó kà á tán. Ọmọ àwọn oníṣòwò Yorùbá ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ náà sì ń wá. Omi jìnnà. Adébùnmí ń kọ́ àwọn kékeré ní ìwé, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán. Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe òun bẹ́ẹ̀, òun lọ sí ẹ̀yìn ilé lọ sunkún.

Bí ọdún bá ti ń parí, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Àwọn àgbà ìjọ á wá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. "Tíṣà, bí ẹ bá lọ, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn níbí." Wọ́n á tún dúró. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan síbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọrùn líle mú un. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n sin ín sí. Adébùnmí kò lóyún mọ́.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Adébùnmí ń rán aṣọ fún Rẹ̀mí. Ó ń fojú inú wọn ọmọ náà. Bí Kérésìmesì bá kù díẹ̀, á fi aṣọ náà rán àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ l'Ékòó.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ rẹ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, o kì í fún ọmọ ní nǹkan kí o fo ẹni tó ń tọ́ ọ. Alágbàtọ́ lo máa fún, òun ló máa fún ọmọ. Bí o bá fò ó, o ti bú u nìyẹn, bí ẹni pé ìyà ń jẹ ọmọ náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọláwuyì mọ ìyẹn. Adébùnmí náà mọ̀ ọ́n. "Ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọláwuyì máa ń sọ fún àwọn oníṣòwò, "ẹ ní a kí i, a dúpẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pe ọmọ jáde. Wọ́n rò pé ọmọ náà á gbọ́ nínú ilé pé ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958, wọ́n dé. Ọláwuyì ti gbẹ. Ó kan ìlẹ̀kùn mi.

"Yísà, wá sìn wá dé Bàrígà. A fẹ́ lọ mú ọmọ."

A kì í dá nìkan lọ gba ọmọ. Ó yẹ kí etí ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Mo gbé fìlà mi. A gba ẹ̀gbẹ́ Akọ́kà, inú igbó ni ọ̀nà náà nígbà yẹn, a já sí etí ọ̀sà.

Tabitha wà nídìí ààrò, ó ń yan ẹja. Ọmọbìnrin kan jókòó tì í, ó ń yí ẹja ṣawá padà lórí wáyà. Aṣọ aláwọ̀ aró ló wọ̀, ọrùn aṣọ náà funfun. Adébùnmí dúró lójú ọ̀nà, kò rìn mọ́. Òun ló rán aṣọ yẹn.

Lazarus ń tún àwọ̀n ṣe. "Ọláwuyì," ó ní, "oòrùn ibẹ̀ ti yan ọ́ ju ẹja wa lọ."

A rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ káàbọ̀, sà." Ó yíjú sí Lazarus, ó fi èdè Ìlàjẹ bi í bóyá kí òun gbé àpótí jáde fún àwọn àlejò.

Adébùnmí fọwọ́ kan ọrùn aṣọ náà. "Ta ló fún ọ ní aṣọ yìí?"

"Ìyá mi ni, mà." Ó fi ẹnu tọ́ka sí Tabitha.

Tabitha kò gbójú sókè. Kò purọ́, ọmọ náà kò purọ́. Ọwọ́ Tabitha ló ti gbà á.

"Ọkọ mi," Adébùnmí sọ fún Tabitha, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni, "kíláàsì wo ni Rẹ̀mí wà?"

Ọdún kẹta rèé tí ìjọba ti gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí àdúgbò wa. Gbogbo ọmọ tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá ti lè gba orí kan etí òsì ni wọ́n ń mú. Ọwọ́ Rẹ̀mí ti kan etí tipẹ́. Tabitha kò mú un lọ.

"Ilé ẹ̀kọ́ ló kó ẹ̀yin méjèèjì lọ," Tabitha wí. "Èmi ni kí n tún wá fa ẹyọ kan tó kù lé e lọ́wọ́?"

Ọláwuyì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, a wá…" Ó gé e síbẹ̀. Ẹni tó ń fi ohùn pa ariwo odidi kíláàsì. "A wá kí yín ni."

Mo wúkọ́. Kì í ṣe èmi ni mo máa sọ ọ́. Kì í ṣe ìyàwó náà ló yẹ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́.

"Ọkọ mi, a wá mú ọmọ wa."

"Èwo?" Tabitha wí. "Àbúrò rẹ̀ dà? Ká ní mo jẹ́ kí ẹ gbé e lọ, ibi tí àbúrò rẹ̀ sùn sí ni òun náà ì bá sùn."

Ẹja ń jóná. Rẹ̀mí sáré yí i padà.

Nígbà tó yá, Tabitha nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. "Ẹ mú un. Mi ò jí ọmọ gbé. Rẹ̀mí, tẹ̀lé wọn."

"Ìgbà wo ni kí n padà wálé, Ìyá?"

Tabitha ń to igi sínú iná.

Adébùnmí ríṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ṣómólú, ó sì mú Rẹ̀mí sí kíláàsì kìíní níbẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́. Orúnkún ọmọ náà kò wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Tíṣà ni gbogbo kíláàsì ń pe Adébùnmí, Tíṣà ni Rẹ̀mí náà ń pè é. Bí wọ́n bá délé, kò yí i padà. Mo ń gbọ́ wọn láti yàrá mi.

"Tíṣà, mo ti pọn omi."

"Ìyá ni kí o máa pè mí, Rẹ̀mí."

"Ó dáa, Tíṣà."

Kì í ṣe àfojúdi. Ì bá jẹ́ àfojúdi, à bá mọ ohun tí a máa ṣe sí i. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kì í bu oúnjẹ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó bù ú. Bí ọmọ tó wá kí ènìyàn ló ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣe ìsìn tán, á lọ sí Bàrígà. Òórùn èéfín ni a máa ń gbọ́ lára rẹ̀ bó bá dé. Adébùnmí á bọ́ aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀, á fọ̀ ọ́ kíákíá.

Kí ọdún náà tó parí, èéfín ẹja ba ojú Tabitha jẹ́. Kò rí ẹja lórí wáyà mọ́. Rẹ̀mí kúnlẹ̀ síwájú Adébùnmí lójú agbo ilé.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ tọ́jú ìyá mi."

Ọláwuyì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Máa lọ," Adébùnmí wí.

Láti ọjọ́ náà, Rẹ̀mí kò sun Ṣómólú mọ́.

Ní ọdún 1959, àwọn ará Gánà tún ránṣẹ́. Ewúrẹ́ ti ń sùn níbẹ̀ lóòótọ́. Ọláwuyì ní àwọn ń lọ. Adébùnmí kò jiyàn. Ó jókòó, ó rán aṣọ kan, ẹ̀wù gígùn, nítorí ọmọ náà ti ga.

"Bàbá Munirat," ó sọ fún mi, "èyí, èmi ni màá fi lé e lọ́wọ́. Mi ò ní gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Ọláwuyì ní kò dára bẹ́ẹ̀. Adébùnmí ní òun mọ̀.

A bá Tabitha lórí ẹní níwájú ilé, ó fi aṣọ bo ojú. Rẹ̀mí ń la igi. Adébùnmí kí Tabitha, kò jókòó. Ó fò ó kọjá, ó lọ bá ọmọ náà nídìí igi, ó fi aṣọ náà lé e lọ́wọ́.

"Èmi ni mo rán an. Gbogbo èyí tí o ti ń wọ̀ láti kékeré, èmi ni mo rán an. Ìwọ ni mo rán an fún."

Rẹ̀mí kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Tíṣà. Ọlọ́run á bù sí i."

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà lọ síwájú Tabitha, ó tún kúnlẹ̀.

"Ìyá, Tíṣà fún mi ní aṣọ."

Ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Tabitha fọwọ́ wá ọrùn aṣọ náà, ó fọwọ́ tọ ojú ìránṣọ náà títí dé ìsàlẹ̀.

"Ó mọ aṣọ rán," ó ní. "Gbà, lọ wọ̀ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Ìyá mi."

Adébùnmí dúró síbẹ̀. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Bí Rẹ̀mí bá gba nǹkan tí kò fi han ẹni tó ń tọ́ ọ, gbogbo wa la máa bá a wí, Adébùnmí náà á bá a wí.

Mo sìn wọ́n dé Pámugúróòfù, níbi tí wọ́n ti wọ ọkọ̀. Ọláwuyì bá mi sọ̀rọ̀ òjò. Adébùnmí ti wọ inú ọkọ̀ jókòó.