Ọ̀nà Ìgbafẹ́ Èmi àti Bàbá Mi

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, ẹsẹ̀ wọn ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pariwo mọ́ àwọn aláàárù ní èbúté Àpápá, "ùn-ùn" nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì ní ká máa mú wọn rìn nírọ̀lẹ́, ká mú wọn gba ibi tí ojú wọn á ti máa rí nǹkan. Màmá mi wo gbogbo wa yíká, wọ́n ní èmi tí mò ń retí èsì ìdánwò ni mi ò ṣe nǹkan kan. Bí iṣẹ́ ṣe já lé mi lórí nìyẹn. Àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Lóde òní, mò ń rí i tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀nà fún àwọn tó fẹ́ rìn gbafẹ́, koríko lọ́tùn-ún, àga lósì. Tiwa, ẹ̀gbẹ́ Màlúù Road ni, láti Ajégúnlẹ̀ títí dé abẹ́ igi àwọn ará GRA. Gbogbo ayé ló ni ín: ọmọlanke, kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́, èmi àti bàbá mi. Tírélà ló máa ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni ín.

Èmi rò pé a ó kàn máa rìn ni. Mo ti gbàgbé pé kí àìsàn tó dé, kò sí ẹni tí bàbá mi lè kọjá láìkí. Bá a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó irin, bàbá mi á dúró. Bá a bá dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ tó ń tún táyà ṣe, wọ́n á dúró. Wọ́n á fi ọwọ́ tó dáa fa aṣọ mi, kí n bá wọn kí i. "Papa, how body?" làwọn tó ń jó irin máa ń sọ. Èmi á yára ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," torí mo fẹ́ tètè délé.

Lọ́jọ́ kan, a dé ọ̀dọ̀ obìnrin onídìrí tó máa ń jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo ní "Ẹ kú iṣẹ́." Bàbá mi ò mira. Mo tún un sọ, wọ́n tún fa aṣọ mi. Onídìrí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ Ajégúnlẹ̀ yìí. 'Ojú gbooro o' ni wọ́n ń kí onídìrí. Èmi á ní òòyà á yà á o." Mo sọ ọ́, ó dáhùn, bàbá mi sì gbé ẹsẹ̀. Inú bí mi. Ta ló tún ń kí onídìrí bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí?

Ní GRA, igi ṣíji bo títì, ajá ń gbó lẹ́yìn géètì. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ á wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n á máa sáré kiri. Ládùúgbò tiwa, èèyàn kì í sáré láìsí ohun tó ń lé e. Bàbá mi lè wò wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń kí ẹni tó ń sáré lásán? Iṣẹ́ kọ́, ìrìn kọ́. Ọ̀gá sísanra kan ń bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, aṣọ mi ti wà lọ́wọ́ bàbá mi, mo ṣì ń wá ìkíni tí mo máa kí i. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ… kú… eré o."

Ọ̀gá náà dúró. Ó rẹ́rìn-ín, torí a ń sá eré, a sì ń ṣe eré, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba méjèèjì. "Ẹ ṣé o, bàbá," ló wí. Èmi ti ń sunkún ní títì àwọn olówó.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni ń padà wá. Ṣùgbọ́n ìkíni nìkan ni, odindi ló sì ń jáde, tòun ti "ẹ" iwájú rẹ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, bàbá mi á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi, ọmọ tí wọ́n bí. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Màmá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé mo ti di ìyá ọkọ àwọn ni. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àlejò là ń kí báyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ta ni mí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀."

Nírọ̀lẹ́ kan, òjò ṣú bá wa ní Màlúù Road. Mo rí àyè díẹ̀ láàárín tírélà méjì, mo fa bàbá mi lọ́wọ́ pé ká sọdá. Wọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo tún fà wọ́n. Tírélà kejì kọjá níwájú wa, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ gèlè mi ṣubú. Bàbá mi já ọwọ́ wọn gbà. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n fajú ro.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí. "O ò ní sùúrù rárá. Bí ìyá rẹ gẹ́lẹ́."

Òjò náà pa wá, gbogbo ara wa rin, mi ò sì yára mọ́. Màmá mi gbé táwẹ́ẹ̀lì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí ló dé tá a fi pẹ́.

"Bàbá bú mi," mo ní. "Wọ́n bú ẹ̀yin náà mọ́ ọn."

Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n tún bí wọ́n ṣe bú wa sọ.